Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kàn Án: Bí A Ṣe Ń Gba Dátà Padà Lára RAID Tó Dákú

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí ẹ bi mí yẹn tọ́. Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fídíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ELWA Junction fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, ẹni tó tò ó sì ti fi dá wọn lójú pé bí ọ̀kan bá tilẹ̀ bàjẹ́, fáìlì kankan kò ní sọnù. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí fídíò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú àti ti ìsìn ọjọ́ Àìkú kò ṣí mọ́? Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ṣì lè rí i gbà. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn: lọ́pọ̀ ìgbà tí RAID bá dákú, dátà inú rẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan. Ohun tí àwa èèyàn bá fi ìkánjú ṣe lẹ́yìn tó dákú ló sábà máa ń pa á.

Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, tí wọ́n wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, kọ ìwé kan nípa bí èèyàn ṣe lè kó dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú jọ dípò dísìkì ńlá kan tí owó rẹ̀ ga ju ẹ̀mí lọ, kí kọ̀ǹpútà sì máa lò wọ́n bí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ pé bí dísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò bàjẹ́ ń sún mọ́ tòsí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la oríṣiríṣi ọ̀nà sílẹ̀ tí àwọn tó kù fi lè dí àlàfo èyí tó bá kú. Ohun tí à ń pè ní RAID nìyẹn. RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì. RAID 5 lè fara da ikú dísìkì kan, RAID 6 lè fara da ikú méjì. RAID 0 kò lè fara da ikú kankan, ó sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

RAID 5 ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ìwé alájọ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń dá àjọ: ẹni àkọ́kọ́ dá 500, ẹnì kejì dá 300, ẹnì kẹta dá 700. Alájọ kọ ti oníkálukú sí ojú ewé tirẹ̀, ó sì kọ àpapọ̀, 1,500, sí ojú ewé kẹrin. Tí ojú ewé ẹnì kejì bá ya sọnù, kò séwu: ẹ yọ 500 àti 700 kúrò nínú 1,500, 300 á jáde. Ṣùgbọ́n tí ojú ewé méjì bá sọnù, tó jẹ́ pé 500 àti 1,500 nìkan ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ pé 1,000 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Bí RAID 5 ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé kọ̀ǹpútà ń pín iṣẹ́ kíkọ àpapọ̀ káàkiri gbogbo dísìkì, kí ó má baà já lé ọ̀kan lórí.

Nígbà kan, páálí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń rà láti ṣe ìṣirò yìí. RAID orí sọ́fítíwíà kò nílò rẹ̀, nítorí Linux fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, irinṣẹ́ tí a sì fi ń pàṣẹ fún un ni mdadm, tí Neil Brown, ọmọ Australia, kọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí kan pàtàkì: bí kọ̀ǹpútà yín bá jóná tó sì ṣẹ́ ku dísìkì, ẹ lè gbé àwọn dísìkì náà sínú kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, yóò sì dá wọn mọ̀. Kò sí páálí kankan tí ẹ máa wá kiri ọjà tí ẹ ò ní rí.

Ó wá yẹ kí n sọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí dísìkì méjì kú ní ọjọ́ kan náà. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀kan ti kúrò nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. RAID ń ṣiṣẹ́ lọ, fáìlì ń ṣí, iṣẹ́ ń jáde, ààbò rẹ̀ sì ti tán. Ẹ wo fáìlì kan tó ń jẹ́ /proc/mdstat. Tí dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ máa rí [UUUU] níbẹ̀. Tí ẹ bá rí [UU_U], ìlà ilẹ̀ yẹn ni dísìkì tó ti lọ. Kò sí aago tó máa dún, kò sí iná pupa tó máa tàn, àyàfi tí ẹni tó tò ó bá ti ní kí mdadm máa fi ìmeèlì kìlọ̀. Ọjọ́ tí ìkejì bá wá kọsẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ìkejì yìí gan-an, ó lè má tíì kú. Iná ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ní ìlú Monrovia yìí. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Mount Coffee lórí odò St. Paul, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960, dákẹ́ nígbà ogun ní 1990, kò sì padà fún Monrovia ní iná títí di oṣù Kejìlá ọdún 2016. Jẹnẹrétọ̀ ló wá di ara àṣà wa, ó sì kù síbẹ̀: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ dé, iná padà dé, jẹnẹrétọ̀ kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá já nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí dísìkì kan ti kọ tirẹ̀ tán kí èkejì má tíì bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó ṣí díẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà tó ti rẹ̀ náà lè mú kí dísìkì tó yè pòórá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti rí dísìkì tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù tó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Dísìkì olówó pọ́ọ́kú tó bá bá ibi tí kò ṣeé kà pàdé lè máa gbìyànjú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Linux kì í dúró tó bẹ́ẹ̀: 30 ìṣẹ́jú-àáyá ni ó máa ń fún un, lẹ́yìn náà á kà á sí ẹni tí kò dáhùn, RAID á sì lé e jáde. Bí ojú kan péré tí kò tó ìka ọwọ́ ṣe lè mú kí odindi dísìkì di ẹni ìtanù nìyẹn. Dísìkì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí máa ń jáwọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 7. Irinṣẹ́ smartctl lè fi òfin kan náà lé àwọn mìíràn lórí, tàbí kí èèyàn sọ fún Linux pé kó ní sùúrù tó 180. Ẹni tó bá to RAID láìṣe ọ̀kan nínú méjèèjì kò tíì parí iṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilé-iṣẹ́ yẹn ni kí wọ́n dáwọ́ ohun gbogbo dúró. Tí dísìkì kan bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún tàn án ni wọ́n ń dín ohun tó ṣeé kà lórí rẹ̀ kù. Kí wọ́n ya fọ́tò bí wáyà ṣe wà, kí wọ́n kọ nọ́mbà tó wà lára dísìkì kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Linux kò bìkítà nípa ihò tí dísìkì wà, ó ń dá a mọ̀ nípa ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Èèyàn ló máa nílò bébà yẹn ní alẹ́, nígbà tí ojú bá ti rẹ̀ tí dísìkì mẹ́rin tó jọra bí ìbejì sì wà lórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni kíkà láìkọ nǹkan kan. mdadm --examine máa ń fi ohun tó wà lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan hàn: ẹgbẹ́ tó wà, ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gé dátà, àti nọ́mbà kan tí ó ń pè ní Events. Nọ́mbà yìí ni ẹlẹ́rìí wa. Ó ń gòkè lórí gbogbo dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Dísìkì tí wọ́n bá lé jáde á dúró síbi tó wà. Ká ní àwọn méjì àkọ́kọ́ wà ní 48210, ẹ̀kẹta wà ní 48207, ẹ̀kẹrin sì wà ní 31952. Ìtàn náà ti yé wa. Ẹ̀kẹrin ló kọ́kọ́ lọ, ó ti pẹ́, ohun tó wà lórí rẹ̀ ti di ti àná. Ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nígbà tí iná já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tó kù dọ́gba. Àwọn méjì àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta yìí la máa fi gbà á padà. Ẹ̀kẹrin kò gbọdọ̀ dá sí i, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó, torí tí a bá pò ó mọ́ wọn, ìṣirò àná ni a fi ń wá iye ti òní.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ dátà ti ń ṣègbé. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ló máa ń ṣe é, pẹ̀lú ọkàn rere. Wọ́n á rí i pé RAID kò dìde, wọ́n á sì lo mdadm --create, wọ́n á rò pé àwọn ń dá a padà. Àṣẹ yẹn ń dá RAID tuntun sílẹ̀ ni. Ó máa kọ àkọsílẹ̀ tuntun bo èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́rìí wa sì ti kú nìyẹn. Tí ipò dísìkì bá yí padà, tàbí tí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gé dátà bá yàtọ̀, ohun gbogbo á dàrú. Ó rọrùn kó yàtọ̀: mdadm àtijọ́ ń gé dátà ní 64K tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ iye fún un, ti ìsinsìnyí ń gé e ní 512K. Lẹ́yìn ìyẹn ni RAID tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpapọ̀ tirẹ̀ sórí dísìkì, lórí ibi tí fídíò ìgbéyàwó ẹlòmíràn wà.

fsck ni àṣìṣe kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ètò fáìlì ṣe, ọ̀nà tó sì ń gbà tún un ṣe ni pé ó ń pa ohun tí kò bá yé e rẹ́. Lórí RAID tí wọ́n tò pẹ̀lú dísìkì tí kò yẹ, ohun gbogbo ni kò ní yé e. Àṣìṣe kẹta ni kí wọ́n sáré fi dísìkì tuntun sí i kí RAID lè tún ara rẹ̀ kọ́. Ó dà bí ìwà ọlọgbọ́n, ṣùgbọ́n àtúnkọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ka gbogbo ojú dísìkì mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún wákàtí púpọ̀, nígbà tí wọn kò ní ààbò kankan. Àwọn tó ń ṣe dísìkì olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ibi kan tí kò ṣeé kà lè wà nínú bíìtì 10¹⁴, ìyẹn nǹkan bí TB 12.5. Dísìkì mẹ́ta tó jẹ́ TB mẹ́rin mẹ́rin, TB 12 ni àtúnkọ́ máa kà. Iye tí wọ́n kọ yẹn kò túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì ń fi hàn bí àyè tó kù ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Lójú tèmi, RAID 5 kò yẹ fún dísìkì ńlá mọ́. RAID 6 ni kí ẹ lò.

Ohun tó tọ́ ni kí a ṣe ẹ̀dà dísìkì kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ lò, odindi, bíìtì sí bíìtì, sórí dísìkì mìíràn tí kò kéré sí i. GNU ddrescue ni irinṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, Antonio Díaz Díaz ló kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ máa ń kó ibi tó rọrùn láti kà, ó ń fo ibi tó ń fa wàhálà, lẹ́yìn náà ni ó ń padà wá síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń kọ ibi tó dé sínú fáìlì kan, nítorí náà bí iná bá lọ láàárín, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo, èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn ńlá fún àwa tí a wà níhìn-ín. Ohun kan péré ló ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀: orúkọ dísìkì tí a ń kà ló ń ṣíwájú, ti èyí tí a ń kọ sí ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé èkejì ṣáájú yóò fi òfìfo bo dátà mọ́lẹ̀. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ dísìkì tún wúlò níbí. Kí ẹni méjì jọ kà á sókè kí ẹnì kan tó tẹ bọ́tìnì.

Owó dísìkì mẹ́ta tuntun máa ń dun àwọn èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ní 2014 mọ ibùdó ELWA 3 tí àjọ oníṣègùn MSF ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún náà fún àwọn tí Ebola kọlù. Nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀, bébà tó bá ti wọ ọ̀dọ̀ aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Àwọn oníṣègùn máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n á máa kígbe ohun tí wọ́n kọ, ẹlòmíràn á sì máa kọ ọ́ sórí bébà tó mọ́ lódìkejì. Ẹ̀dà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ò fọwọ́ kan èyí tó wà nínú mọ́. Ìlànà kan náà ni mo ń sọ: lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ẹ̀dà tán, kí a kó àwọn dísìkì gidi sínú dúrọ́ọ̀, kí a tì í.

Linux tún ní ààbò kan tó lé lórí ìyẹn. Dmsetup lè fi ìbòrí sí orí dísìkì, tí ohunkóhun tí a bá fẹ́ kọ sí i á lọ sínú fáìlì ọ̀tọ̀, tí dísìkì fúnra rẹ̀ kò sì ní yí padà rárá. Tí àdánwò kan bá bàjẹ́, a ju ìbòrí náà nù, a sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹni tó bá ní ìbòrí lè ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sì ṣì rí dátà gbà. Ẹni tí kò ní in, àṣìṣe kan ló ní.

Orí ẹ̀dà tó ní ìbòrí ni a ti máa wá pe RAID dìde. A kọ́kọ́ fi mdadm --stop dá èyí tó dìde lábọ̀ dúró, lẹ́yìn náà a lo --assemble --force, a sì dárúkọ àwọn dísìkì mẹ́ta tí a yàn. --force ni ó ń sọ fún mdadm pé kó fojú fo ìyàtọ̀ kékeré láàárín 48207 àti 48210. Tí ó bá dìde, [UUU_] ni ẹ máa rí, kò pé, ó sì tó. A óò ṣí i fún kíkà nìkan: lórí ext4, ro,noload, lórí XFS, ro,norecovery, kí ètò fáìlì má baà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n ṣí fídíò mélòó kan, àwọn tó tóbi ní pàtàkì, kí wọ́n wò ó dé òpin. Orúkọ fáìlì tó fara hàn kò tó ẹ̀rí. Fídíò tó ń dá dúró láàárín lè jẹ́ àmì pé dísìkì tí a yàn kò tọ́. Tí ó bá mọ́, kí wọ́n kó o jáde, èyí tí a kò lè rí níbòmíràn ni kó ṣáájú, fíìmù tí ẹnikẹ́ni lè tún rà ni kó kẹ́yìn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbòmíràn ni kí wọ́n tó ronú nípa kíkọ́ RAID tuntun.

Tí dísìkì bá ń dún, tí ddrescue kò sì rí nǹkan kà lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣí dísìkì nínú yàrá tí eruku kò sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí a ti ń gba dátà là rárá. RAID ń dáàbò bo iṣẹ́ kó má baà dúró nígbà tí dísìkì bá kú. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó pa fáìlì rẹ́, lọ́wọ́ olè, tàbí lọ́wọ́ iná ilé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab pa nǹkan bí GB 300 rẹ́ lórí sáfà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ọ̀nà ìpamọ́ wọn ju ọ̀kan lọ, wọ́n sì rí i lọ́jọ́ náà pé àwọn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan tó ti tó wákàtí mẹ́fà tí ẹnì kan ṣe ló yọ wọ́n. Ní ti ilé tó bàjẹ́, ẹ wo Rédíò ELWA tí wọ́n fi sọ oríta wa lórúkọ: ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kìíní ọdún 1954. Ogun bà á jẹ́ ní 1990, wọ́n tún un kọ́, ogun tún bà á jẹ́ ní 1996. Kò sí iye dísìkì tí èèyàn lè tò sínú yàrá kan tó máa gba ohun tó wà níbẹ̀ là nígbà tí ilé fúnra rẹ̀ bá lọ.

Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé mìíràn. Àwọn kan ń rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti yanjú ìyẹn láti ìgbà tí okùn abẹ́ òkun ACE ti dé etíkun Monrovia ní 2011, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: tí ìlà yín bá lè gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìdúró, TB kan máa gbà á ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Fún fídíò, dísìkì méjì tí wọ́n ń gbé pààrọ̀ ló yá jù: ọ̀kan wà ní ilé-iṣẹ́, èkejì wà nílé ọ̀gá, ní Congo Town tàbí Sinkor, wọ́n á máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí wọ́n ra UPS. Kí wọ́n jẹ́ kí mdadm fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó máa kà á. Kí wọ́n jẹ́ kí RAID yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò lóṣooṣù, bí Linux Debian ṣe máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ibi tí kò ṣeé kà tí a tètè rí nígbà tí dísìkì mẹ́rin ṣì pé kò lè ṣe wá ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí, torí ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Kí wọ́n má tan kọ̀ǹpútà náà mọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ --create lórí rẹ̀. Kí wọ́n ra dísìkì mẹ́ta tí kò kéré sí ti wọn, kí a tó jọ jókòó tì í.